Ọ̀já Tí Wàá Fi Gbé Bàbá Rẹ

Bẹ́yẹrúnkà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Rábíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kọ́kọ́ kà á fún ara mi nídìí òfì, lẹ́yìn náà mo kà á fún bàbá rẹ, mo sì fo ìlà kan nígbà tí mo ń kà á fún wọn. Ìwọ náà mọ ìlà tí mo fò. Ibẹ̀ ni o ti kọ ọ́ pé, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Sísítà kó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mìíràn gbé bàbá mi lọ́jọ́ Ajé. Ọwọ́ mi máa gbọ̀n." Ìlà yẹn ni gbogbo ìwé yìí fẹ́ dáhùn.

Mi ò ní bẹ Sísítà. Ìwọ ni wàá gbé bàbá rẹ. Jókòó, kí o kà á tán kí o tó lejú sí mi.

Má fi ìwé kíkọ mi rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ nísàlẹ̀ Mápó ni mo ti kọ́ ọ, olùkọ́ wa sì sọ pé ọwọ́ mi ti ń dára. Mo lè rán Mùdá ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Mùdá: á gbàgbé ìdajì, á sì fi tirẹ̀ rọ́pò ìdajì tó kù. Tí mo bá sì wá fúnra mi, èmi àti ìwọ á jókòó sunkún nínú ilé àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kò sì ní tán. Ìwé kì í sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni mo máa kọ ọ́ gígùn báyìí, nítorí náà pa á mọ́.

Jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ agbára bẹ̀rẹ̀, torí agbára ló kọ́kọ́ ṣe mí léṣe.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, àrùn ẹ̀gbà ti mú ìyá bàbá rẹ lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tó kù máa ń gbé wọn ní méjìméjì lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti wẹ̀. Èmi ìyàwó tuntun, mo fẹ́ kí gbogbo agbo ilé mọ̀ pé alágbára ni ọkọ mi fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n gùn mí lẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbà wọ́n, mo sì dìde. Mo dìde lóòótọ́! Mo rìn títí dé ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ yí, tí ẹ̀yìn mi dún bí igi gbígbẹ, tí àwa méjèèjì sì bá ara wa nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ náà ti ń wá ẹni tó máa gbé ọ ni?"

Ọlọ́run yọ wá, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí mo fi ṣe ṣekárími lọ́jọ́ náà ni mo ṣì ń fi òróró pa títí di òní. Tí o bá rí mi tí mo di ìbàdí mú bí mo ṣe ń dìde nídìí òfì, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìyá ọkọ ni.

Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn nígbà tí o sọ fún mi pé àwọn kan nínú yín ní wọ́ọ̀dù ń sọ pé ẹ̀rọ tó ń gbé aláìsàn yẹn ń fi àkókò ṣòfò, pé ọwọ́ ló yá jù. Sọ fún wọn pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí á lọ sílé, òmíràn á sì dé. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì ní, wọn kì í sì í fún un ní òmíràn mọ́ aṣọ funfun tí ẹ ń wọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ń dúró de ẹ̀rọ, jẹ́ kó fi ọ́ ṣe é. Ìwọ ṣì máa lè bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ tìrẹ lọ́jọ́ iwájú.

Wo bí a ti ń ṣe é nílé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti já bọ́ láti orí òrùlé tí wọ́n ń kàn ní Kúdẹtì, tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kò gbé wọn mọ́. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin agbo ilé á wọlé. Ọ̀kan á mú wọn lábẹ́ abíyá, ọ̀kan á mú ẹsẹ̀, Mùdá á pariwo pé, "Ó yá, ẹ gbé wọn!" Ẹni tó wà lápá orí á ti fà kí ẹni tó wà lápá ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò fi ìkà ṣe é. Ìyì ni wọ́n kà á sí, torí nínú agbo ilé wa a gbà pé ẹni tó bímọ, ọmọ ní í gbé e. Ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún bàbá rẹ ń dùn wọ́n nítorí fífà, awọ ẹ̀yìn wọn ti bó níbi tí ẹní ti ń ha wọ́n, Mùdá gan-an kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀ mọ́ kó má ké "yéè". Ìfẹ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi gbé ènìyàn, ọmọ mi. Ó fẹ́ ọgbọ́n pẹ̀lú.

Egbò ẹ̀yìn yẹn ni dókítà yín sọ pé òun kò fẹ́ kó jinlẹ̀ sí i. Ó ní kí bàbá rẹ wá, kí ẹ wò ó sàn, kí ẹ sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Tí wọn ò bá wá, orí ẹní yẹn náà ni wọ́n máa wà, egbò náà á sì máa jẹ wọ́n lọ. Èyí ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹ̀rù bá fẹ́ bà ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti yíyẹ nǹkan wò. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ kíjìpá híhun lọ́dọ̀ ìyá mi, mo rí i lọ́jọ́ kan pé igi òkè òfì ti là díẹ̀. Mo rí i o! Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Mo ní kó kàn bá mi tì í títí aṣọ ọwọ́ mi fi máa parí. Kò bá mi tì í. Igi náà já lé mi nítan, òwú sì ta kókó tó fi jẹ́ pé ọ̀bẹ la fi gé e. Ìyá mi kò nà mí. Wọ́n kàn ní, "Ojú rẹ ti sọ fún ọ, ìwọ lo ní kó dákẹ́."

Torí náà, kí aláìsàn tó wọ inú ẹ̀rọ ni kí ojú rẹ ti ṣiṣẹ́ tán. Wo aṣọ tí ẹ fi ń gbà wọ́n, wo bí wọ́n ṣe rán an létí, fa á wò. Tí o bá rí ojú abẹ́rẹ́ kan tó ti já, má ṣe sọ pé kó bá ọ tì í di ìrọ̀lẹ́. O ti fi ìyókù hàn mí lọ́jọ́ tí mo wá kí ọ: ẹ máa ń ya ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kó fẹ̀ kó má baà ṣubú, ẹ máa ń wò ó bóyá àwọn ìkọ́ ti wọlé dáadáa, ẹ máa ń gbé aláìsàn kúrò lórí ibùsùn díẹ̀ péré, kí ẹ tún wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbé e lọ síbi tó ń lọ. Má fo ìkankan nínú wọn torí pé bàbá rẹ ni. Ibi tí a ti máa ń ṣàṣìṣe gan-an nìyẹn, a á fẹ́ ṣe é kíá kí ojú má baà ti ẹni tí a fẹ́ràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Má sì dá a ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹnì kan á máa tẹ ọ̀pá ẹ̀rọ, ẹnì kejì á di aláìsàn mú kó má baà máa fì síbí fì sọ́hùn-ún, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni kó sì máa sọ pé ó yá. Mùdá tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́tò ní Oríta-mẹ́rin pe ẹ̀rọ yín ní jáàkì. Mo ní kó má fi nǹkan yín ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní yẹ̀yẹ́ kọ́, pé ọ̀gá òun máa ń sọ pé ohun tí jáàkì bá gbé sókè, àlejò ni níbẹ̀, kì í sùn síbẹ̀. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Má ṣe fi ẹnikẹ́ni kọ́ sókè kí o ní ò ń lọ mú ìrọ̀rí. Mú ìrọ̀rí rẹ ná.

Ẹ̀kẹta, èyí tó wù mí jù, mo kọ́ ọ lára ara mi. Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ìwọ wà. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí láti òkè.

O rántí Màmá tó wá láti Kúdẹtì, tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́ ariwo wọn. Ẹ ti fi aṣọ funfun líle yẹn gbà wọ́n láti èjìká títí dé itan, ẹ ń ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ wọn lọ́tùn-ún lósì, ni wọ́n bá figbe ta: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mi ò tíì kú o! Ẹ tú mi sílẹ̀! Ta ló ní kí ẹ fi aṣọ funfun dì mí?" Sísítà rò pé gíga ẹ̀rọ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó ń sọ fún wọn pẹ̀lú ohùn tútù pé wọn kò ní jábọ́. Wọ́n ní, "Mi ò sọ ti jíjábọ́. Mo ti bá wọn di òkú rí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dì í. Bí ẹ ṣe ń ṣe yìí náà ni."

Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé àpò ọsàn ọwọ́ mi sílẹ̀. Lóòótọ́ ni. Bí a ṣe ń ṣe é fún Mùsùlùmí tó bá ti lọ náà ni: aṣọ funfun, ọwọ́ púpọ̀, ìdákẹ́jẹ́, kí wọ́n tó gbé e. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ronú kàn án torí pé aṣọ lásán ni lójú yín, ẹ̀bi yín kọ́ sì ni.

Sísítà ló wá yíjú sí mi tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyá Rábí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀yin kí Màmá rí i." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní èmi, ara mi le! Màmá Kúdẹtì ní, "Tí ara yín bá le, ẹ gùn ún ká wò." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sá?

Ọmọ mi, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, ó dà bí ìgbà tí lọ́rì bá já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. Mo ń wo òkè àjà, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìró mi ti tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ń ronú pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń wo orúnkún mi. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tó di ẹ̀rọ mú wá ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lókè orí mi, ẹ ń bi ara yín ta ló máa gbé oúnjẹ ọ̀sán káàkiri. Èmi ìyá rẹ kọ́ sókè bí àpò kòkó, ẹ̀yin ń sọ ti oúnjẹ! Mo fẹ́ bínú, mi ò mọ ẹni tí mo máa bínú sí. Lẹ́yìn náà lo tẹ orí ba, o fi ọwọ́ kan èjìká mi, o ní, "Ìyá mi, a ti fẹ́ẹ̀ dé orí àga. Ẹ̀yìn yín ló máa kọ́kọ́ kàn án." Gbogbo ara mi rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí mi bá àga pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò dùn mí rárá. Ní ọdún púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo rí lókè nìyẹn, òun náà ni mo sì fẹ́ kí o máa fi ṣiṣẹ́. Bo ẹsẹ̀ wọn kí o tó gbé wọn. So ìró obìnrin kó dúró, bo orúnkún ọkùnrin. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe kí o tó ṣe é, kì í ṣe bí o bá ṣe é tán. Jẹ́ kí wọ́n rí ojú rẹ, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ lókè orí ẹni tó kọ́ sí afẹ́fẹ́. Tí ẹnì kan bá sì ké, má sáré sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Bi í pé kí ló rí.

O rí bí Màmá Kúdẹtì ṣe rẹ́rìn-ín mi títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fúnra wọn sọ pé, "Ó dáa. Ẹ tẹ́ ìró mi yẹn bò ó kí ojú mi má rí funfun yẹn, kí ẹ gbé mi lọ." Sísítà gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ìró náà tó fi ọwọ́ nà án kó má ká jọ sábẹ́ wọn. Wọ́n gùn ún bí ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ, mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Mo bí ọkùnrin. Irin kò ní gbé mi. Wọn ò sì ní fi aṣọ funfun dì mí kí ọjọ́ mi tó pé." Mi ò bá wọn jiyàn. O mọ̀ pé tí ènìyàn bá bá bàbá rẹ jiyàn, ìṣó ló ń kàn mọ́lẹ̀ yẹn, ńṣe ni yóò máa wọlé sí i.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ara wọn. Mo padà sídìí òfì. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń fún wọn lẹ́kọ, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yẹn. Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí?" Mo ní ó gùn, ó sì máa ń yà sí méjì. Wọ́n ní, "Ó ń yà? Ó ń fẹ̀ ju ibi tí ẹrù ń kọ́ sí lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jẹ díẹ̀. Wọ́n tún ní, "Apá tó na síwájú ńkọ́? Ṣé ó nípọn?" Mo ní ó nípọn bí ọwọ́ Mùdá. Wọ́n ní, "Ọwọ́ Mùdá kì í ṣe òṣùwọ̀n." Inú mi ti ń dùn nínú lọ́hùn-ún, mi ò jẹ́ kó hàn. Kápẹ́ńtà ti jí. Títí di alẹ́ ni wọ́n ń fi ìka ya ẹ̀rọ náà sórí ẹní, tí wọ́n ń bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Wọ́n ní, "Irin náà kò burú. Aṣọ yẹn ló kù."

Mùdá ló wá ń ráhùn. Ó ní tí ẹ̀rọ bá ń gbé bàbá òun, kí wá ni iṣẹ́ òun gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí? Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀ fún mi kó tó máa sọ̀rọ̀. Ó wo bàtà, ó wò mí. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já bọ́. Wọ́n ní, "Mùdá, ìwọ lo máa tì mí lórí àga oníkẹ̀kẹ́ títí dé Ọjà'ba. Jẹ́ kí àbúrò rẹ gbé mi dé orí àga náà." Ó gbà.

Bí aṣọ ṣe di iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Mo gbé òwú tuntun lé òfì, mo hun kíjìpá kan tó fẹ̀, tí a fi ẹlú rẹ dáadáa, tí ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, torí pé kì í tètè gbó. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Bàbá rẹ ní kí n gbé ẹní wọn sún mọ́ òfì kí wọ́n lè máa wò ó. Nígbà tí ìlà pupa náà jáde, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n ní, "Ìyá Rábí, ọ̀já ọmọ yẹn nìyí."

Òun ni. Irú ìlà tó wà lára ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́ ni. Bàbá rẹ ló ra òwú ti ìgbà náà fún mi ní Ọjà'ba nígbà tí oyún rẹ wà nínú mi. Ọ̀já náà ti gbó, mi ò lè fi sínú irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbàgbé ìlà rẹ̀.

Gbọ́ èyí dáadáa o: kíjìpá yìí kọ́ ló máa gbé wọn. Aṣọ líle ti ẹ̀rọ yín ló máa gbé wọn. Èyí kàn máa tẹ́ lé e lórí kí ojú wọn má baà rí funfun ni. Fi han Sísítà kí o tó lò ó, jẹ́ kó fa á, jẹ́ kó wò ó bóyá ó ń yọ̀. Mi ò fi ìṣẹ́po kankan sí i tó lè gún ẹ̀yìn wọn níbi egbò. Tí Sísítà bá ní rárá, rárá náà ni, kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Mi ò fẹ́ kí ẹwà ṣe ohun tí ìkánjú kò ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kó máa wà ní wọ́ọ̀dù yín lẹ́yìn tí bàbá rẹ bá ti lọ sílé, kí ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ máa sá a, kí ẹ máa tẹ́ ẹ fún Màmá Kúdẹtì àti irú wọn.

Ó ku ti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mùdá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi mọ́tò gbé wọn dé. Tí o bá rí wọn, kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí wọn bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀. Tí ẹkún bá fẹ́ wá, jẹ́ kó wá níbẹ̀ lórí orúnkún rẹ, kó sì tán níbẹ̀. Nígbà tí o bá dìde, nọ́ọ̀sì ni ọ́ títí ìdí wọn fi máa kan àga. Má ṣe fi ojú ọmọ wo ìkọ́, fi ojú iṣẹ́ wò ó. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀ fún wọn, kò sì sí fún ìwọ náà.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi gan-an ń bẹ̀rù. Ọkọ mi ni. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń dúró lórí òpó òrùlé bí ẹyẹ, mo sì rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn wálé. Ṣùgbọ́n mo ti wọ inú ẹ̀rọ yẹn, mo mọ ọwọ́ tó gbé mi sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọwọ́ nínú gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, ọwọ́ rẹ náà ni mo máa yàn.

Mo ti fẹ́ di ìwé yìí nísinsìnyí nígbà tí bàbá rẹ pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá Rábí, ìlà kan wà tí o fò lánàá nínú lẹ́tà ọmọ yẹn."

Mo ní, "Ìlà wo?"

Wọ́n ní, "Kápẹ́ńtà ni mí. Tí pákó kan bá yọ nínú àjà, mo máa ń mọ̀. Kà á."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo mú lẹ́tà náà wá, mo kà á fún wọn, títí dé ibi tí o ti ní ọwọ́ rẹ máa gbọ̀n. Wọ́n wo òkè àjà títí, mo rò pé wọ́n máa sọ pé àwọn ò lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní:

"Nígbà tí wọ́n bí i tán, agbẹ̀bí gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tí mo fi ń di òòlù mú, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n má baà já a sílẹ̀. O wà níbẹ̀. Ṣé mo já a?"

Mo ní, "Ẹ ò já a."

Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀. Kí ó jẹ́ kó gbọ̀n, kó sì gbé mi."

Mo ti kọ ọ́. Ọ̀já tuntun náà wà nínú àpò tí Mùdá gbé wá pẹ̀lú ìwé yìí. Gbọ̀n ọ́n síta kí o tó tẹ́ ẹ, kí òórùn ẹlú lè dínkù.

Èmi ni ìyá rẹ tó kọ́kọ́ pọ̀n ọ́,
Sàlámátù Àjọkẹ́.